Ohun Tó Ṣẹ́kù Nínú Abọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí, abọ́ tánganran kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Inú ẹ̀ ni mo máa ń kó bóòtù àti nọ́ọ̀tì sí tí mo bá tú ọ̀kadà. Bí mo bá to ọ̀kadà ọ̀hún tán tí abọ́ ò ṣófo, ọ̀kadà náà ò ní kúrò níwájú mi. Kódà kó jẹ́ wọ́ṣà kan ṣoṣo tí ò ju èékánná lọ, màá tún un tú ni. Àwọn oníbàárà á máa pariwo, wọ́n á ní Ràsáàkì tún ti gbé tiẹ̀ dé. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó máa tì í lọ sílé.

Kì í ṣe oríkunkun. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn, ọ̀gá mi tún ọ̀kadà ọkùnrin kan ṣe, nọ́ọ̀tì kan sì ṣẹ́kù sínú abọ́. Ọ̀gá mi jù ú sígbó, ó ní àwọn tó ṣe ọ̀kadà náà ló ti ṣe àṣejù. Táyà iwájú yọ lójú ọ̀nà Adó-Àwáyè kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èmi ni wọ́n rán lọ gbé ọ̀kadà náà padà wá. Mi ò ní sọ ohun tí mo bá níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fẹ́ràn ohun tó bá ṣẹ́kù.

Waheedat ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, torí inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló dàgbà sí. Kó tó mọ̀wé kà ló ti máa ń gbé abọ́ náà wá bá mi, á da ojú ẹ̀ dé, á ní, "Bàbá, abọ́ ti ṣófo o." Ìgbà yẹn ni mo tó máa ta ọ̀kadà kó dún. Ọmọ tó gbọ́n ni. Ọgbọ́n ọ̀hún náà ló wá kó mi sí ìyọnu, torí nígbà tó jáde ní Pólì, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wá iṣẹ́ ìjọba kiri, ó ní òun ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lókè Ọya, pé òun fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù.

"Bàálù wo?" mo bi í.

"Bàálù tó ń fò, Bàbá."

Àfi bí ẹni pé èyí tó ń fẹsẹ̀ rìn wà.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì fi pa mọ́. Bí ọ̀kadà bá kú, orí ilẹ̀ náà ló máa dúró sí. Bí bàálù bá kú lókè, kí ló fẹ́ dúró lé? Mo bi Àwáwù ìyá ẹ̀ ní ìbéèrè yìí níbi tó ti ń ku èlùbọ́ tó ń tà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Waheedat, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ó rọrùn láti sọ. Ọmọ mi ni àáké tí wọ́n fẹ́ fi lu àpáta.

Mo jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n mi ò fi gbogbo ẹnu yọ̀ǹda. Nílé wa, ọmọ kì í kọrí sí ìrìn-àjò kó má gba àdúrà lẹ́nu bàbá. Bí bàbá bá ní "má lọ lónìí," ẹrù á padà wọlé, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí Waheedat ṣe jìnnà tó, kò já èyí jù sílẹ̀. Gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fò ló máa ń pè mí kó tó wọ inú bàálù pẹ̀lú ọ̀gá ẹ̀. Màá ṣàdúrà fún un, màá sì máa ṣọ́ fóònù títí á fi pè padà pé àwọn ti balẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá bá ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mò ń rí i mú mọ́ra. Ó wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀gá máa sọ̀ kalẹ̀, tí òun nìkan máa gbé e lọ sókè.

"Ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀," mo ní. "Mi ò lè ṣàdúrà lé ẹ́ńjìnnì tí mi ò rí inú ẹ̀ lórí."

Kò bá mi jiyàn. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni dírẹ́bà kan gbé páálí kan dé láti gáréèjì, páálí ràgàjì kan báyìí tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ la fi gbà á wọlé. Fóònù dún bí mo ṣe gbé e kalẹ̀.

"Bàbá, irú bàálù tí mò ń wà nìyẹn," Waheedat ní. "Wọ́n kàn ṣe é ní kékeré ni, gbogbo ohun tó wà lára ti gidi ló wà níbẹ̀. Ẹ tò ó fúnra yín. Ẹ ó rí i pé kò sí idán kankan nínú ẹ̀. Bí ẹ bá tò ó tán tí abọ́ bá ṣófo, ẹ ó ṣàdúrà fún mi kí n dá fò. Ṣé ẹ gbà?"

Mo gbà. Ká má parọ́, ohun tí mo rò ni pé kò ní ṣe é tò.

Ike funfun ló kún inú páálí náà, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, gbogbo nǹkan kéékèèké ibẹ̀ rọ̀ mọ́ igi ike bí ọsàn ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Ìwé kan wà pẹ̀lú ẹ̀ tó jẹ́ kìkì àwòrán àti nọ́ńbà. Àkọsílẹ̀ díẹ̀ tó wà níbẹ̀, Tíṣà Isaac tí ilé wọn àti tiwa jọ pín ògiri yẹ̀ ẹ́ wò, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó ní kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ó jọ pé èdè Jàpáànì ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kí ló tilẹ̀ kàn mí kan ìwé, ṣé ìwé ni mo fi ń tún ọ̀kadà ṣe?

Ni mo bá ṣe é bí a ṣe ń ṣe é níṣẹ́ wa. Mo mú pílásì ẹlẹ́nu mímú, mo gé gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn kúrò lára igi wọn, láti orí táyà dórí èyí tó kéré bí ọkà bàbà, mo kó gbogbo ẹ̀ dà sínú abọ́ tánganran. Mo kó àwọn igi náà fún Àwáwù pé kó fi dáná, ó ní òun ò fẹ́ òórùn ike nínú ọbẹ̀ òun, ló bá dà á sórí ààtàn. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé, ara igi yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìgbà tí akólẹ̀ ti kó o lọ ni mo tó mọ̀.

Kò dí mi lọ́wọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá jókòó ti tábìlì ní pálọ̀, màá máa fi ojú wá ohun tó bá jọ àwòrán. Mo fi fáìlì ha ẹnu wọn dọ́gba, mo fi gọ́ọ̀mù tó bá a wá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Apá bàálù náà méjèèjì, nígbà tí mo fi wọ́n kan ara wọn, ó gùn ju apá tèmi lọ láti èjìká dé orí ìka. Àga wà nínú ẹ̀. Bẹ́líìtì wà lára àga. Aago kéékèèké tó wà níwájú awakọ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sójú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àfi kéèyàn gbé e súnmọ́ imú kó tó lè rí i.

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Sìlíńdà mẹ́rin ni, wọ́n sùn sílẹ̀, méjì kọjú sí méjì. Mo mọ sìlíńdà. Mo wá rí i pé púlọ́ọ̀gì méjì-méjì ló wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Mo rò pé àwọn tó ṣe é ti ṣìṣe, mo bá pe Waheedat.

"Wọn ò ṣìṣe, Bàbá. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa ṣiṣẹ́ lọ."

"Ti gidi náà rí bẹ́ẹ̀?"

"Bí ti gidi ṣe rí nìyẹn."

Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ò dọ́la, torí ọjọ́ kejì ni mo dé ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ abẹ́ àga náà, ó wọlé, ó jáde. Ibi tí ọmọ mi ń gbé ìdí lé nìyí. Lábẹ́ ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kù. Mo tún rí wáyà tó ń fa ìrù bàálù náà sọ́tùn-ún sósì, ó tín-ín-rín bí òwú. Mo ń bi ara mi pé bí èyí bá já ńkọ́? Mo jẹun kò lọ. Àwáwù ní tí mo bá mọ̀ pé ohun tí màá máa rí níbẹ̀ nìyẹn, kí n gbé e padà sínú páálí.

Samsudeen tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní òdìkejì títì, tí a jọ kọ́ṣẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ràsáàkì awabàálù! Ṣé wàá gbé wa dé Mẹ́kà lọ́dún yìí?"

"Ìwọ kọ́," màá ní. "Bí o bá wọlé, kò ní lè gbéra."

Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu ni.

Ọyẹ́ wá dé. Ó bo òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé wọ́n ti gbé e lọ. Waheedat ní ìlú àwọn náà rí bẹ́ẹ̀, pé eruku ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gòkè, àti pé ọjọ́ tó bá ká nílẹ̀ báyìí, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè láti dá fò. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò lọ, wọ́n máa ní kó kó ẹrù ẹ̀ ni. Wọ́n ti ṣe é fún ẹnì kan lójú òun. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Ṣakí ń ráhùn ọyẹ́, ètè ń bẹ́, ọmọdé ń wúkọ́, èmi nìkan ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ká a. Ojú tì mí láti sọ ọ́ fún Àwáwù. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń kọ́kọ́ yọjú sí ẹ̀yìnkùlé wò bóyá òkè ti yọ. Bí mi ò bá rí i, màá dúpẹ́.

Mo to bàálù náà tán ní àṣálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dúró lórí tábìlì, ó lẹ́wà, táyà ẹ̀ ń yí, abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀ ń yí. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo na ọwọ́ sí abọ́ láti da ojú ẹ̀ dé, bí Waheedat ṣe máa ń ṣe é, mo bá gbọ́ kíṣíkíṣí.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ abọ́. Méjì nínú ẹ̀ gùn, wọ́n pẹlẹbẹ, imú wọn ká sókè díẹ̀ bí sálúbàtà tí okùn ẹ̀ ti já. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ láàárín. Mo gbé ìwé, mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò rí ibi tí wọ́n ti lò wọ́n. Igi tí wọ́n kọ nọ́ńbà wọn sí ti wọ ààtàn lọ. Mo fi wọ́n wọn abẹ́ apá, mo fi wọ́n wọn ìdí, mo fi wọ́n wọn inú. Ohun tó gùn tó báyìí kì í ṣe wọ́ṣà. Nǹkan ńlá ló ṣẹ́kù yìí, nǹkan tó ń di nǹkan mú.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí Àwáwù fi ti ọjà dé, ojú ẹ̀ ń dán.

"Waheedat pè mí lọ́jà, ó ní tiyín ò wọlé. Eruku ti ká lọ́dọ̀ wọn. Àárọ̀ ọ̀la ni!"

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Fóònù ẹ̀ ti wà ní pípa. Mo pè é títí a fi kí ìrun ìṣáì, obìnrin inú fóònù ń sọ ohun kan náà fún mi.

Mo kí ìrun àsùbáà, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Òkè ti yọ. Mo rí àpáta ẹ̀, mo rí igi orí ẹ̀, mo rí àwọn ewúrẹ́ tó ń gun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí èérí kan níbẹ̀. Inú mi bàjẹ́ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Mo wọlé, mo dojú bàálù náà dé. Nílé iṣẹ́ wa, bí nǹkan bá ṣẹ́kù, títú ni. Mo mú sukurudírẹ́bà, mo ki ẹnu ẹ̀ bọ ojú ìpàdé inú ẹ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Gọ́ọ̀mù yẹn, kì í ṣe pé ó ń lẹ ike, ńṣe ló ń yọ́ ike méjì di ọ̀kan, mi ò sì mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i. Ó ké kààà. Apá òsì ya láti ìdí, ó gba ara fèrèsé kọjá, àga awakọ̀ já, ó bọ́ sílẹ̀. Mo rí inú ẹ̀ wàyí. Kò sí ihò tàbí ojú ìpàdé kankan nínú ẹ̀ tó ń retí ohun tó ṣẹ́kù.

Àwáwù sáré yọ láti yàrá, híjáàbù ìrun ṣì wà lórí ẹ̀. Ó wo tábìlì, ó wò mí.

"Kí lẹ ṣe báyìí?"

Mo na abọ́ sí i. "Nǹkan ṣẹ́kù."

Ó yẹ inú abọ́ náà wò. "Ẹ fẹ́ sọ fún un pé kó má lọ."

"Tó bá jẹ́ ọ̀kadà ni, ṣé màá gbé e fún oníbàárà?"

"Kì í ṣe ọ̀kadà, Bàbá Waheedat. Ọmọ ni."

"Ìdí nìyẹn gan-an!" Mo ti ń pariwo. "Ọ̀kadà tí mi ò bí, mi ò jẹ́ kó lọ. Ọmọ tí mo bí ni kí n wá jẹ́ kó lọ?"

Kò pariwo padà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ṣa àga kékeré yẹn nílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Bí ẹ bá ní kó má lọ, kò ní lọ. Ẹ mọ̀ pé kò ní lọ. Wọ́n á ní kó kó ẹrù ẹ̀. Á padà wálé, á máa bá mi wọn èlùbọ́, bí nǹkan kan bá dún lókè, á gbójú sókè. Ẹ̀yin lẹ máa máa wo ojú yẹn, torí èmi, ọjà ni màá wà."

"Ẹ̀rù ò ba ìwọ?"

"Láti ìgbà tó ti lọ ni mo ti ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Alàmísì. Kí lẹ rò pé mò ń gbà á fún?"

Mi ò mọ̀. A jọ ń gbé inú ilé, mo rò pé oúnjẹ ni kò wù ú. Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dún.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ jí?"

"A dúpẹ́. Ìwọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́." Ohùn ẹ̀ kéré. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ẹ̀. "Ọ̀gá ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní èmi ló kàn." Ó wá bi mí, "Bàbá, ṣé abọ́ ti ṣófo?"

Abọ́ wà lórí itan mi. Mo wo nǹkan mẹ́ta yẹn. Mo wo apá tó ya. Mo ro ojú ọ̀nà Adó-Àwáyè, mo ro táyà tó yọ. Ẹ̀mí mi ń sọ fún mi pé kí n sọ pé má lọ, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, kò ní ni mí lára rárá. Àwáwù dúró lọ́dọ̀ mi, kò bẹ̀ mí, kò fọwọ́ kàn mí.

"Ó ti ṣófo," mo ní.

Láti ìgbà tí mo ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí irọ́ rí. Mo gbọ́ bí Waheedat ṣe fa èémí sínú.

"Ẹ ṣàdúrà fún mi, Bàbá."

Mo ṣàdúrà. Mo ní Ọlọ́run tó gbé e lọ ni yóò gbé e bọ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ ò ní ṣe é, irin ò ní dalẹ̀ ẹ̀, ilẹ̀ tó ti gbéra ni yóò padà fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwáwù ń pariwo àmín débi pé àwọn ará ilé Tíṣà Isaac yọjú. Fóònù kú.

Mi ò lè jókòó sílé. Mo gbé abọ́ náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ti gbé ọ̀kadà dúró, ó ní kàbúrétọ̀ ń yọ epo. Mo tú u, mo wá gbàgbé ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i. Mo jókòó, mo di sípánà mú. Irọ́ yẹn wà lọ́rùn mi. Bí nǹkan bá ṣe é báyìí, àdúrà kọ́ ni mo ṣe fún un, èmi ni mo tì í. Ọ̀gá mi ní Ìsẹ́yìn, ó kéré tán, kò mọ ẹni tó fẹ́ gun ọ̀kadà yẹn dáadáa. Èmi, mo mọ̀ ọ́n láti inú ìyá ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì èlùbọ́ tó máa ń lọ̀ láàárọ̀ ládùúgbò wa kú lójijì. Mo dìde dúró. Ẹnì kan tún fà á, ó tún dún. Mo jókòó padà.

Samsudeen kọjá wá láti òdìkejì. "Awabàálù, o ò kí èèyàn láàárọ̀ yìí?" Ó wá rí ojú mi. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó gba sípánà lọ́wọ́ mi. Ó na ọwọ́ sí abọ́ tánganran láti kó bóòtù oníbàárà sí i.

"Má fọwọ́ kàn án," mo ní.

Ó wò mí, ó bọ́ fìlà orí ẹ̀, ó ń kó bóòtù sínú ẹ̀. Ó tún ọ̀kadà náà ṣe tán, ó gbọn fìlà ẹ̀ kí n lè rí i pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ó dé e padà pẹ̀lú gbogbo òórùn epo. Kò lọ. Oòrùn gòkè, ó dé àtàrí. Àwáwù kò lọ sọ́jà, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa pẹ̀lú tẹ̀sùbáà ẹ̀. Wọ́n pe ìrun àìlà, a ò tíì dìde nígbà tí fóònù dún.

"Bàbá," ó ní. "Mo ti balẹ̀."

Àwáwù gbọ́ ọ, ó forí kanlẹ̀ níbẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ní epo. Èmi di fóònù mọ́ etí.

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ ẹ." Mo rò pé màá kọ́kọ́ dúpẹ́, ohun mìíràn ló jáde lẹ́nu mi. "Waheedat, mo parọ́ fún ẹ. Abọ́ ò ṣófo. Nǹkan mẹ́ta ló ṣẹ́kù. Mo tú bàálù náà láti wá ibi tí wọ́n ń gbé, mo sì bà á jẹ́."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dúró dáadáa, ó ń gbọ̀n.

"Méjì pẹlẹbẹ, tí imú wọn ká sókè?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàtà yìnyín ni, Bàbá. Ìlú tí yìnyín bá ti ń bo ilẹ̀, wọ́n máa ń yọ táyà, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn de ìyẹn sí i. Táyà àti bàtà ni wọ́n máa ń kó sínú páálí, ẹni tó bá lo ọ̀kan, èkejì á ṣẹ́kù. Kì í ṣófo láé."

Mo wo ìta. Láti iwájú ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹsẹ̀ òkè, koríko gbígbẹ àti eruku pupa ni. Yìnyín kan ṣoṣo tó wà ní Ṣakí wà nínú kúlà àwọn tó ń ta mínírà. Inú bí mi.

"O mọ̀ láti ọjọ́ yìí, o ò sọ fún mi? Mi ò sùn, mi ò jẹun!"

"Mo gbàgbé, Bàbá, ẹ má bínú. Láàárọ̀ yìí tí mo bi yín tí ẹ dákẹ́, ìgbà yẹn ni mo rántí. Mo ti ń lanu láti sọ ọ́. Ẹ wá ní ó ti ṣófo."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti àná ni mo ti ń retí kí ẹ sọ pé nǹkan ṣẹ́kù, kí n lè sọ fún ọ̀gá pé bàbá mi ní kí n má lọ. Ẹ wá ní ó ti ṣófo, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ní bàbá mi tó jẹ́ pé torí wọ́ṣà kan kì í jẹ́ kí ọ̀kadà lọ, òun ló parọ́ abọ́ fún mi yìí. Ni mo bá wọ inú bàálù, mo ti ilẹ̀kùn."

Mo na fóònù sí ìyá ẹ̀.

Samsudeen, tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ò tíì yé, na ọwọ́ sí abọ́ tó wà lórí itan mi, ó ní kí òun bá mi da àwọn ike yẹn nù. Mo ní kó fi wọ́n síbẹ̀.